Ọ̀nà Ẹrù, Ọ̀nà Igbó: Ogun Kokoda Lẹ́nu Àwọn Ìdílé Papua

Ní ọdún 1942, Bert Kienzle, olóko rọ́bà tí ogun sọ di ọ̀gá lórí àwọn aláàárù, ṣe ìṣirò kan tí àwọn òpìtàn kò yéé tún sọ. Bí aláàárù kan bá ru kìkì oúnjẹ gun òkè Owen Stanley ní Papua, ilẹ̀ kan ní àríwá Ọsirélíà, ọjọ́ 13 péré ni yóò fi jẹ ẹrù náà tán fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 8 sì ni ìrìn láti ìtòsí Port Moresby, olú ìlú Papua, dé ibi tí àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà ti ń kojú ti Japan. Ẹni tí yóò bá lọ tí yóò sì bọ̀ kò lè rí nǹkan kan fi sílẹ̀ fún ọmọ ogun. Kódà, ebi ni yóò pa òun náà lójú ọ̀nà àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó aláàárù kún aláàárù, tí wọ́n sì fi ní kí bàálù máa ju ẹrù sílẹ̀ láti òkè sí pápá kan tí ń jẹ́ Myola. Ìṣirò tó péye ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin tó ru ẹrù nìkan ni Kienzle kà. Ẹnu ìyàwó rẹ̀, ti àwọn òbí rẹ̀ tó ti darúgbó àti ti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ lábúlé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣírò iye ọjọ́ tí oko tí kò ní ẹni tí yóò ṣán an mọ́ yóò fi bọ́ wọn.

Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn àfẹnusọ àwọn ìdílé Papua nípa ogun yìí, tí mo sì ń tẹ́tí sí díẹ̀ lára èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, ohun kan ń yé mi sí i. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń ya ìtàn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: orí gígùn kan fún iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ṣe fún ìjọba, orí kúkúrú kan fún àwọn ará ìlú tí ogun lé kúrò nílé. Lẹ́nu àwọn ìdílé, kò sí irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan náà ni wọ́n mú bàbá lọ sí ọ̀nà ẹrù tí ìyá sì kó àwọn ọmọ wọ igbó, ọ̀kan ló sì mú kí èkejì le tó bẹ́ẹ̀. Ayé gbọ́ ti bàbá, ó sì pè é ní áńgẹ́lì. Ní tèmi o, ti ìyá ni mo rò pé ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí ibẹ̀ ṣàjèjì sí, ọ̀rọ̀ ogun náà kò gùn. Ìdajì erékùṣù New Guinea tó wà níhà ìlà-oòrùn wà lábẹ́ Ọsirélíà nígbà náà: Papua ní gúúsù, àti New Guinea ní àríwá, èyí tó ti wà lọ́wọ́ Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní January 1942, àwọn ọmọ ogun Japan gba Rabaul, ìlú èbúté kan ní erékùṣù New Britain. Ní February, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu Port Moresby, ìjọba alágbádá kógbá wọlé, lẹ́yìn náà ni àwọn ológun dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANGAU láti máa ṣàkóso àwọn ọmọ ilẹ̀. Ní òru 21 July, àwọn ọmọ ogun Japan sọ̀kalẹ̀ sí etíkun Gona àti Buna, wọ́n sì dorí kọ òkè kí wọ́n lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Kokoda já sí Port Moresby. Ní 23 July ni àwọn ọmọ Papua tó jẹ́ ológun nínú Papuan Infantry Battalion kọjú ìbọn sí wọn ní Awala, ọjọ́ yẹn sì ni Papua New Guinea fi ń ṣe ìrántí àwọn akọni rẹ̀ títí di òní. Àwọn Japan dé Ioribaiwa kí wọ́n tó padà sẹ́yìn. Ní 2 November, Ọsirélíà gba Kokoda padà, ìjà sì parí létíkun Buna, Gona àti Sanananda ní January 1943. Èyí ni àwọn ìwé ìtàn máa ń gbé kalẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí ọfà pupa àti ọfà aláwọ̀ búlúù kún inú rẹ̀. Àwọn abúlé tí ọfà náà gba orí wọn kọjá jẹ́ àmì róbótó kékeré.

Kí àwọn Japan tó sọ̀kalẹ̀ rárá ni òfin ti jáde. Ní 15 June 1942, ìjọba ológun fún àwọn ọ̀gá láṣẹ láti fi ipá mú ọkùnrin ṣiṣẹ́, ó sì lè tó ọdún 3, fún ṣílè díẹ̀ lóṣù. Kí ogun tó parí, iye àwọn tí wọ́n kó ṣiṣẹ́ ní Papua àti New Guinea lé ní 40,000. Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá ń sọ ìtàn aláàárù tiwọn, kì í ṣe orí òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá dé abúlé ni wọ́n máa ń mú un láti ibẹ̀. Wọn á sọ ẹni tó wà nílé, ẹni tó wà lóko, ẹni tí ọlọ́pàá abúlé tọ́ka sí nítorí pé àwọn aláṣẹ ń retí iye kan lọ́wọ́ òun náà. Àwọn kan fúnra wọn lọ, nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti lọ, tàbí nítorí tábà àti ohun tójú yóò rí. Ọ̀pọ̀ ni kò ní yíyàn. Nínú àwọn abúlé kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọkùnrin tí egungun rẹ̀ le tó ṣẹ́ kù, ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé wọ́n kó ju ìwọ̀n tí òfin tiwọn fọwọ́ sí.

Orí ọ̀nà náà, wọ́n ti sọ ọ́ tó, n kò sì fẹ́ tún un sọ púpọ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 96 ni, òkè lórí òkè, ẹrẹ̀ tó ń mu ẹsẹ̀ dé orúnkún, òjò ọ̀sán àti òtútù òru. Aláàárù 8 ni í gbé ọmọ ogun kan tó fara gbọgbẹ́, lórí ibùsùn tí wọ́n fi ọ̀pá méjì àti kúbùsù ṣe, wọn a sì fi ara wọn dáàbò bò ó níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀. Ẹni tó kọ òtítọ́ sílẹ̀ jù lọ nípa wọn ni Geoffrey Vernon, dókítà àgbàlagbà tí ogun ọdún 1914 ti sọ etí rẹ̀ di dídi, tó ń tọ́jú àwọn aláàárù nínú òkè náà. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, pé ìgbẹ́ ọ̀rìn àti òtútù ń pa wọ́n, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn láìní kúbùsù kankan nígbà tí wọ́n ń ru kúbùsù fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ aláàárù sá lọ. Ìwé àwọn ológun ka sísá yìí sí ìwà ojo tàbí àìgbọràn, wọ́n sì na àwọn tí wọ́n rí mú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá mọ bí oko ṣe ń rí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà lójú wa.

Lórí òkè àwọn ẹ̀yà Koiari àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àwọn ẹ̀yà Orokaiva, oko kan kì í pẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ fi máa ń ṣá, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí igbó bò ó. Iṣẹ́ ọkùnrin ni láti gé igi ńláńlá, kí ó sun ún, kí ó sì ṣe ọgbà yí i ká kí ẹlẹ́dẹ̀ má baà wọ̀ ọ́. Obìnrin ni yóò gbin iṣu, kókò àti ànàmọ́, tí yóò roko, tí yóò sì wa iṣu nílẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó lè dá ṣe é. Bí ọkùnrin bá wà lórí ọ̀nà ẹrù ní àkókò tí ó yẹ kí a gé igi, ebi ọdún tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí iṣu tọdún yìí bá tilẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó sá kúrò lórí òkè lóru tó sì forí lé abúlé rẹ̀ mọ ìṣirò tirẹ̀ bí Kienzle ṣe mọ tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ àwọn ológun nípa àwọn aláàárù tó sá ní August 1942 ka oṣù tí wọ́n sá pẹ̀lú oṣù tí wọ́n máa ń dá oko níbẹ̀.

Lákòókò yìí, àwọn tó kù nílé ti kúrò nílé. Bí ogun ti ń sún mọ́ Isurava, Alola, Kagi àti Efogi, àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó kó wọ igbó, wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí: ahéré ọdẹ, oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀, abẹ́ àpáta, etí odò tí kò sí ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n ń rántí kéré, wọ́n sì ṣe pàtó. Èéfín ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, nítorí bàálù, nítorí náà wọ́n ní wákàtí tí wọ́n lè dáná àti wákàtí tí wọn kò gbọ́dọ̀ dá a. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ọmọ ọwọ́ má ké. Wọ́n jẹ ewé igbó, èso igbó àti ohun tí wọ́n bá lè lọ wà lóru nínú oko ara wọn, bí ẹni tó ń jalè. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, igi sago tí wọ́n ń gé tí wọ́n sì ń fọ inú rẹ̀ láti rí oúnjẹ ni ó gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n gígé igi yẹn náà, iṣẹ́ ọkùnrin ni, àwọn obìnrin sì ní láti kọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà lè má mọ orúkọ ọ̀gágun kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó pọ̀n ọ́n, ó mọ odò tí wọ́n sọdá, ó sì mọ àbúrò tí kò bá wọn padà.

Ìpadàbọ̀ kò sì jẹ́ ìpadàbọ̀ sílé. Àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì ti jẹ oko, wọ́n ti pa ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, wọ́n ti fi pákó ilé dáná. Ìjà Isurava, láti 26 sí 31 August, orí ilẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń dáko ni wọ́n ti jà á. Òkú wà nínú rẹ̀, ọta tí kò tíì bú gbàmù sì wà níbẹ̀. Abúlé Isurava tòní kò sí lójú ibi tó wà nígbà ogun mọ́.

Létíkun, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Hanuabada, ìlú àwọn Motu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Moresby, jẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi òkun, ẹni tó bá ti rí Makoko yóò mọ irú rẹ̀. Àwọn ológun kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò ní 1942, wọ́n tú wọn ká sí àwọn abúlé mìíràn lẹ́bàá òkun, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní èbúté. Iná jó Hanuabada nígbà ogun náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba tún un kọ́ pẹ̀lú pákó gígé àti páànù, ilé tó gún régé, tí ó sì jọra wọn. Kò burú lójú ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ìlú Motu, ìdílé ńlá kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní iduhu, ní ọ̀wọ́ ilé tirẹ̀ tó nà wọ inú òkun, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rin orí afárá igi láti etíkun dé òpin rẹ̀ ti ka ìtàn ìdílé kan tán. Nígbà tí iná bá jó irú ìlú bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn onílé kò sí ńlé, ẹnu àwọn àgbà nìkan ni a ti lè tún un tò.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1942, nítòsí Buna, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ George Silk ya ọ̀dọ́mọkùnrin Papua kan tó ń fi ọwọ́ ran ọmọ ogun Ọsirélíà kan lọ́wọ́, George Whittington, ẹni tí wọ́n ti fi aṣọ di ojú rẹ̀, tó sì ń fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀ lọ nínú koríko gíga. Àwòrán yìí ló fìdí orúkọ áńgẹ́lì náà múlẹ̀, pẹ̀lú ewì kan tí ọmọ ogun kan kọ lórí ọ̀nà náà nípa bí àwọn aláàárù ṣe ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ jẹ́jẹ́. Whittington bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ náà, ibà inú igbó ló pa á ní nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó mọ̀ pé Raphael Oimbari ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ará ẹkùn Oro. Ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ó sì kú ní 1996.

Ó rọrùn fún irú mi tó jókòó lókèèrè láti bínú sí ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì yẹn, kí n sọ pé ó sọ ènìyàn di ẹ̀mí tí kì í jẹun, tí kì í béèrè owó. Mo ti bínú sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kò fẹ́ kí a gba iyì náà kúrò lórí bàbá wọn. Wọ́n ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́, nítorí pé ìwà pẹ̀lẹ́ tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn hù sí aláìsàn kì í ṣe àròsọ. Àwọn tí wọ́n gbé ló jẹ́rìí sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni kan náà tó gbé ọmọ ogun jẹ́jẹ́ ni wọ́n nà lẹ́gba ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ni kò mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì wà láàyè, ni ó sì padà sílé tó bá ibojì. Wọn kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ogun kan náà, ọ̀tá kan náà, ni ó gbé àwọn bàbá wa lọ sí Bọ́mà. Nínú àfonífojì Kaladan ní 1944, orí àwọn aláàárù láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹrù Ẹ̀ka Ológun 81 gbà kọjá, bàálù ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn bí ti Myola. Bàbá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó lọ Bọ́mà. Ìwọ̀nba tó sọ fún wa kò ju orúkọ ìlú àti ẹ̀fẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ni ó ní ìtàn: iye ìgbà tí wọ́n ka lẹ́tà èké fún un, àwọn ẹbí ọkọ tó ní kí ó máa lọ, àti bí ó ṣe ń ta ẹ̀kọ láti fi san owó orí. Ìtàn tí a sì mọ̀ jù nípa Kaladan ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile, tó fara gbọgbẹ́, tí àwọn ará abúlé kan sì fi pamọ́ tí wọ́n ń bọ́ fún oṣù púpọ̀ nínú igbó tí àwọn Japan gbà. A mọ orúkọ Fadoyebo. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni kò fi rí àwọn tó gbà á là mọ́, ìdílé abúlé náà sì ní ìtàn tirẹ̀ nípa ewu tí ó wà nínú bíbọ́ àlejò yẹn. Papua kún fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀.

Apá tó nira jù lọ nínú ìrántí náà wà lọ́dọ̀ àwọn Orokaiva. Nígbà tí àwọn Japan gúnlẹ̀, àwọn òyìnbó aláṣẹ sá lọ, wọ́n sì fi àwọn ará abúlé sílẹ̀ fún aláṣẹ tuntun. Àwọn Japan náà kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ru ẹrù fún wọn láti Rabaul wá, àwọn wọ̀nyí sì di aláìnílé nílẹ̀ àjèjì. Ọ̀pọ̀ kò padà mọ́, ìdílé wọn ní New Britain kò sì mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Lára àwọn Orokaiva, àwọn kan ran Ọsirélíà lọ́wọ́, àwọn kan ran Japan lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ń wá bí ọjọ́ náà yóò ṣe lọ láìsí ikú. Àwọn míṣọ́nnárì Anglican kan tó ń sá nínú igbó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Japan, wọ́n sì pa wọ́n. Lucian Tapiedi, olùkọ́ ọmọ Taupota tó bá wọn rìn tí kò fi wọ́n sílẹ̀, ọkùnrin Orokaiva kan ló pa á.

Nígbà tí Ọsirélíà padà dé, wọ́n wá àwọn tó fà àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ogun lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ní 1943, ní Higaturu, ibùjókòó ìjọba ẹkùn náà, wọ́n yẹgi fún nǹkan bí ogún ọkùnrin. Gbangba ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ará abúlé sì wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé ni ìtàn yìí ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ẹni tó ń sọ ìtàn àwọn áńgẹ́lì kò ní ibi tí yóò fi í sí. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n yẹgi fún béèrè irú ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀, irú ọdaràn tí ènìyàn lè jẹ́ sí ìjọba tó ti sá fi í sílẹ̀. Àwọn ìdílé mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn tó kú lọ́wọ́ Japan, ní èrò tiwọn, ó sì jẹ́ pé abúlé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Èyí wà lára ìdí tí wọn kì í fi sọ ọ́ tán níwájú àlejò.

Ní 21 January 1951, òkè Lamington, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé òkè oníná ni, bú gbàmù. Ó pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ó sì pa Higaturu rẹ́ pátápátá. Àwọn tó yè tún di ẹni tí kò nílé lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún 10, wọ́n gbé nínú àgọ́, ibùjókòó ìjọba sì ṣí lọ sí Popondetta. Àwọn Orokaiva kan ní ìyà àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n fà kalẹ̀ ni òkè náà fi jẹ wọ́n. Àwọn mìíràn ní nítorí àwọn tí wọ́n yẹgi fún ní ẹsẹ̀ òkè ni. Òpìtàn lè ka èyí sí ìgbàgbọ́ lásán kí ó sì kọjá. Mo kà á sí ìdájọ́ méjì lórí ẹjọ́ kan náà, ẹjọ́ tí kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó tún padà gbọ́ látìgbà náà.

Ẹni tó bá dé Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, yóò rí ère Tapiedi láàárín àwọn ajẹ́rìíkú 10 ti ọ̀rúndún ogún, pẹ̀lú Martin Luther King àti Janani Luwum ti Uganda. Láti 1998 ni ó ti wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ìjọ Áńgílíkà ní ìlú náà ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ ẹni tí í ṣe. Ohun tí ère kò lè fi hàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹni tó pa á di onígbàgbọ́, ó fi Lucian kún orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí Embi fún ìrántí rẹ̀. Nínú ìdílé apànìyàn àti nínú ìdílé ẹni tí wọ́n pa, orúkọ kan náà ni wọ́n wá ń jẹ́.

Lórí owó, ọ̀rọ̀ pọ̀ ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn ogun, Ọsirélíà san owó gbà-má-bínú fún ohun tí ogun bàjẹ́, ó sì ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ lápapọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rin abúlé dé abúlé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti kọ iye ẹlẹ́dẹ̀ kan, iye igi àgbọn kan, iye ilé kan àti iye ẹ̀mí kan sí. Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé kò sí ẹni tó gba nǹkan kan. Òótọ́ ni pé ẹni tó wà nínú igbó tó jìnnà, tàbí tí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un ti kú, kò gbà á. Pé ọ̀pọ̀ aláàárù ní owó iṣẹ́ àwọn kò pé. Àti pé wọn kò fún àwọn aláàárù ní àmì ẹ̀yẹ bí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ogun. Ní 2009 ni Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ìrántí kan fún àwọn aláàárù tó ṣì wà láàyè àti àwọn opó wọn, lẹ́yìn ọdún 67. Ní itẹ́ òkú ogun Bomana, lẹ́yìn Port Moresby, ó ju ibojì 3,000 lọ tí òkúta funfun wà lórí wọn, tí koríko wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláàárù tó kú wà lábẹ́ igbó, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo orúkọ wọn wà. Ìwé orúkọ yẹn ni àwọn ìdílé ń béèrè jù, nígbà mìíràn ṣáájú owó pàápàá.

Ní nǹkan bí ọdún 2014, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Papua New Guinea àti àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í rin àwọn abúlé ẹkùn Oro àti ẹkùn Central láti gba ìtàn ogun náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Àwọn tó ru ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tó kù láti bi léèrè ni àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, àwọn tí ìyá wọn pọ̀n wọ igbó, àti àwọn ọmọ tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá nígbà tí bàbá kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe di pé ìdajì tí kò sí nínú ìwé ni ó kù láti sọ nìyẹn. Èrè gidi ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó pète rẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn arìnrìn-àjò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ọsirélíà, ń wá rin ọ̀nà Kokoda lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Koiari àti Orokaiva ni ń ru àpò wọn lówó, wọ́n sì ń sọ ìtàn bàbá àgbà fún wọn níbi ìsinmi, nítorí ìtàn yẹn ni àlejò ń béèrè. Àwọn onílẹ̀ ń jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kó gba owó àgọ́, ẹ̀rí tí wọ́n sì ń mú wá ni ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan wà nígbà ogun: ta ló ní oko níbí, ta ló sá gba ibí kọjá, abẹ́ àpáta ta ni. Nínú irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí i pé ìrántí àwọn obìnrin ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ibi tí wọ́n sá sí, tí wọ́n sì lè mú ènìyàn débẹ̀. Bí mo bá wà lára àwọn tó ń gba ìtàn sílẹ̀, èdè Koiari àti èdè Orokaiva ni mo máa fẹ́ kí wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe Tok Pisin tí wọ́n ń sọ fún àlejò, màá sì ní kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́: níbo ni ẹ sùn ní òru tí wọ́n mú bàbá lọ, kí ni ẹ sì jẹ?